Rìmóòtù tí Ọdẹ́jínmí Gbé Bọ̀ láti Igbó Olójú-Gíláàsì

Ọdẹ́jínmí tẹ́ ẹní sí àárín yàrá ìyá rẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, ó sì ń to nǹkan sórí rẹ̀ bí ọdẹ tó fẹ́ tú ìbọn palẹ̀. Ó kọ́kọ́ gbé rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n síbẹ̀. Ó gbé rìmóòtù àpótí ohùn tẹ̀ lé e, èyí tí eku ti jẹ gbogbo bọ́tìnnì ojú rẹ̀ tó wá dà bí ṣùkù àgbàdo. Ó wá fi àyè kan sílẹ̀ ní òfìfo fún rìmóòtù ẹ̀rọ àwo fídíò, nítorí pé ìyẹn ti já sínú kànga láti ìgbà òjò. Ó jókòó, ó fọwọ́ lẹ́rán, ó ń wò wọ́n. Ohun tó fẹ́ ni pé kí ó sọ gbogbo rẹ̀ di ẹyọ kan ṣoṣo.

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fẹ̀yìn ti igi máńgòrò yìí kí ara tù yín. Èmi Akínọdẹ ni mò ń sọ̀rọ̀, èmi tí mo bá ẹfọ̀n jìjàkadì títí ẹfọ̀n fi bẹ̀ mí pé ó tó. Ìtàn tèmi kọ́ ni n óò sọ lónìí o. Bí mo bá sọ tèmi, kò sí ẹni tí yóò lè dá lọ sílé nínú yín. Ti Ọdẹ́jínmí, ọmọ ọ̀rẹ́ mi, ni n óò sọ. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Kì í bínú sí ohun tó bàjẹ́. Láti kékeré ló ti ń tú rédíò palẹ̀ kí ó lè mọ ibi tí ohùn ń gbà wọlé, kò sì sí ẹni tó kọ́ ọ. Bí ó bá tú u tí kò yé e, á tún un tò, á tún un tú.

Ẹ mọ bàbá rẹ̀, Ọdẹ́gbàmí. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Bí ó bá ń sun ìjálá, àwọn ẹyẹ inú igi á dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ ọ. Kí ó tó kú, wọ́n gba ohùn rẹ̀ àti àwòrán rẹ̀ sínú àwo níbi ọdún ọdẹ, àwo náà sì wà nínú ẹ̀rọ ìyàwó rẹ̀, Àyọ̀ká, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àyọ̀ká, di bí mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Ìyá Àyọ̀ká kò gbé e mọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Bí gbogbo ilé bá ti lọ sóko, òun nìkan ló máa ń kù lórí àga. Ohùn ọkọ rẹ̀ á wà níwájú rẹ̀ gan-an, kò ní í lè pè é jáde. Kí èèyàn tó gbọ́ Ọdẹ́gbàmí, ó gbọ́dọ̀ jí tẹlifíṣọ̀n, kí ó jí àpótí ohùn, kí ó jí ẹ̀rọ àwo, kí ó tún wá sọ fún tẹlifíṣọ̀n pé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ àwo ni kí ó kọjú sí. Ìyá á tẹ ọ̀kan, á ṣi èkejì tẹ̀, gbogbo rẹ̀ á ṣókùnkùn, á sì jókòó bẹ́ẹ̀ di ìrọ̀lẹ́ bí ẹni tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́.

Èyí tó burú jù ni pé etí rẹ̀ ń di. Nọ́ọ̀sì tó wá wò ó sọ pé díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa di, àti pé kò sí oògùn rẹ̀.

"Àjàgbé," ìyá fi oríkì pe ọmọ rẹ̀ láti orí àga, "kí lo fẹ́ fi rìmóòtù àjẹkù eku ṣe?"

"Mo fẹ́ wá ẹyọ kan tí yóò máa pàṣẹ fún gbogbo wọn, ìyá mi."

"Ẹyọ kan? Ṣé irú rẹ̀ wà nílé ayé?"

"Bí kò bá sí nílé, á wà nígbó."

Ìyá rẹ́rìn-ín. Ó nawọ́ sí gbérí Ọdẹ́gbàmí, ẹ̀wù ọdẹ tó kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn láti ọjọ́ tí bàbá ti lọ, tí kò jẹ́ kí ọmọ kankan fọwọ́ kàn. "Ṣé o rí gbérí yẹn? Ẹni tó bá ṣe é tí mo fi lè gbọ́ ohùn ọkọ mi nígbàkigbà tó bá wù mí, láì bẹ ẹnikẹ́ni, kí etí mi tó di pátápátá, òun ló ni ín."

Ọdẹ́jínmí kó rìmóòtù méjèèjì sínú àpò ọdẹ rẹ̀. Ó de tọ́ọ̀ṣì mọ́ orí, ó gbé ìbọn kọ́ èjìká. Bí ó ṣe ń jáde, àbúrò rẹ̀ Ògúnrìndé wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń fi pákò rin eyín.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, "àwọn ọdẹ ń lọ pa ẹtu, ẹ̀yin ń lọ pa rìmóòtù! Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi pa ti fáànù náà bọ̀!"

Ọdẹ́jínmí kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Igbó Olójú-Gíláàsì ló dojú kọ.

Kí ni, Làmídì? O ní níbo ni igbó náà wà? Ìwọ tó ò ń lẹ táyà ní títì, ṣé mo bi ọ́ rí níbi tí atẹ́gùn ń lọ bó bá jáde nínú táyà? Jókòó kí o gbọ́.

Igbó Olójú-Gíláàsì ni gbogbo ẹ̀rọ tí ọmọ aráyé bá ti jù nù ń lọ láti di iwin. Háà! Ẹ̀yin ò tíì rí nǹkan! Wáyà ló fà mọ́ àwọn igi ibẹ̀ bí ìtàkùn. Àwọn tẹlifíṣọ̀n onídìí ńlá ti àtijọ́ ń jẹko káàkiri bí màlúù, àwòrán sì ń kọjá lójú wọn. Rédíò ló kún orí igi bí ẹyẹ ẹ̀gà, tí wọ́n ń bára wọn jiyàn ìròyìn tí ó ti gbó. Fáànù ń fò lókè bí àwòdì. Nígbà tí Ọdẹ́jínmí rí gbogbo èyí, ẹ̀rù kò tilẹ̀ ráyè bà á. Ó dúró síbẹ̀, ó la ẹnu sílẹ̀, ó ń rò ó lọ́kàn rẹ̀ pé, "Ta ni yóò bá mi ṣí ìdí ọ̀kan nínú àwọn màlúù yìí kí n wo inú rẹ̀?"

Ohùn kan jáde láti ẹnu ibodè. "Dúró níbẹ̀!"

Iwin tó ń ṣọ́ ibodè ni. Adúrótì ni orúkọ rẹ̀. Ó dúdú, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ojú kan ṣoṣo ló ní, ojú náà pupa, ó kéré bí èso wérénjéjé, kì í sì í pajú dé.

"Ọmọ èèyàn," ni Adúrótì wí, "mo sùn, n kò sì sùn. Gbogbo ìgbà ni mò ń retí kí wọ́n pè mí. Wàyí o, ìmọ́lẹ̀ kan wà tó máa ń tàn nínú ilé yín ní ọ̀sán gangan, níwájú ojú gbogbo yín. Ẹ kì í rí i. Èmi a máa rí i. Fi ìmọ́lẹ̀ náà hàn mí kí o kọjá. Bí o kò bá lè fi hàn, n óò pa ọ́ bí ẹni pa fìtílà."

Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, ọfọ̀ ni yóò máa wá kiri. Èmi fúnra mi, ìbọn ni ǹ bá kọ́kọ́ gbé, kí n sọ òtítọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n Ọdẹ́jínmí jókòó sílẹ̀, ó ronú. Ó rántí ọjọ́ kan nílé tó fẹ́ mọ̀ bóyá rìmóòtù ló kú ni, tàbí tẹlifíṣọ̀n. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó yọ rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n nínú àpò, ó yọ fóònù rẹ̀, ó ṣí ojú tí fóònù fi ń ya àwòrán, ó sì kọ iwájú orí rìmóòtù sí i. Ó tẹ bọ́tìnnì. Lójú lásán, kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n lórí fóònù, iná aláwọ̀ àlùkò kan ń ṣẹ́jú wàí-wàí-wàí ní iwájú orí rìmóòtù náà!

"Òun nìyí," ni Ọdẹ́jínmí wí. "Ohun tí rìmóòtù fi ń sọ̀rọ̀ nìyí. Ìmọ́lẹ̀ ni ohùn rẹ̀, ojú lẹ̀yin ẹ̀rọ sì fi ń gbọ́ ọ. Bí kò bá kọjú sí yín, ẹ kò lè gbọ́."

Adúrótì bú sẹ́rìn-ín tí ojú rẹ̀ fi yí padà di àwọ̀ ewé. "Kọjá, ọmọ ọdẹ! Ṣùgbọ́n rántí ohun tí o sọ yẹn o. Mo rí i lójú rẹ pé wàá gbàgbé rẹ̀ níbi tí o ti nílò rẹ̀ jù lọ."

Ọdẹ́jínmí rò pé àwàdà ni. Ó kọjá lọ sí ààfin.

Onírun-Wáyà ni ọba obìnrin tó ń jẹ ní igbó náà. Wáyà pupa, wáyà dúdú, wáyà aláwọ̀ ìyeyè ló hù lórí rẹ̀ dípò irun, wọ́n sì dì í ní kòlẹ́sẹ̀. Òwú ló fi dí etí méjèèjì. Kí Ọdẹ́jínmí tó dọ̀bálẹ̀ tán ló ti mọ ìdí tó fi dí i. Ariwo kan ń bọ̀ láti ẹ̀yìn ààfin tó ń mú ewé já lórí igi.

"Olóhùn-Àrá nìyẹn," ni ọba obìnrin náà pariwo. "Àpótí ohùn ni. Ó ga ju ọ̀pẹ lọ. Láti ìgbà tí ó ti dé ni ó ti ń ké, n kò sì tíì sùn láti ìgbà náà. Kí lo wá ṣe, ọmọ ọdẹ?"

"Kábíyèsí, rìmóòtù kan tó lè pàṣẹ fún gbogbo ẹ̀rọ inú ilé ni mo ń wá fún ìyá mi."

"Mẹ́ta irú wọn ló wà láàfin mi. Bá wọn sọ̀rọ̀, kí o mú ẹyọ kan. Ẹyọ kan náà ni wàá gbé lọ bá Olóhùn-Àrá. Bó bá pa á lẹ́nu mọ́, máa gbé e lọ sílé, mo fi ta ọ́ lọ́rẹ. Bí kò bá pa á lẹ́nu mọ́, o ti di àga tí n óò máa gbé Olóhùn-Àrá lé nìyẹn, títí ayé."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fojú inú wò ó. Ìyá ń retí nílé, etí rẹ̀ ń di lọ, ọmọ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di àga lábẹ́ iwin alariwo!

Èyí àkọ́kọ́ jáde. Elébọ́tìnnì ni orúkọ rẹ̀. Ó gùn, ó fẹ̀, bọ́tìnnì sì kún ara rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni tí èéṣú bà lé.

"Wò mí dáadáa!" ló wí, ó ń yan. "Èmi ni mo mọ oríkì gbogbo ẹ̀rọ tó ti ilé-iṣẹ́ ńláńlá jáde. O mọ̀ pé ẹ̀rọ kì í jẹ́ ìpè bí èèyàn kò bá fi oríkì ìdílé rẹ̀ pè é? Gbogbo rẹ̀ ló wà ní ikùn mi! Dárúkọ ẹ̀rọ kankan!"

"Àpótí ohùn tí Ṣàngódèyí, atúnrédíòṣe, fọwọ́ ara rẹ̀ kàn fún bàbá mi ńkọ́?"

Elébọ́tìnnì tẹ orí wálẹ̀. Ó yẹ ikùn ara rẹ̀ wò. "Ṣàngódèyí… Ṣàngódèyí… ilé-iṣẹ́ ibo nìyẹn?"

"Ìsọ̀ kan ni lẹ́bàá ọjà wa."

"Ẹn-ẹn, ti ìsọ̀ kò sí lára tèmi."

"Kò burú. Bí ìyá mi bá fẹ́ kí ohùn ròkè sí i, tí kò sì wo ara rẹ, bọ́tìnnì wo ni ọwọ́ rẹ̀ yóò bà?"

Elébọ́tìnnì fọwọ́ wá àyà ara rẹ̀. Ó wá èjìká. Ó wá ikùn. "Ó wà níhìn-ín láàárọ̀ yìí," ló wí, òógùn sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ọdẹ́jínmí dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, nítorí ó kọ́ ọmọ náà ní ọ̀rọ̀ kan tó gbayì, ìyẹn ọ̀rọ̀ oríkì ìdílé. Ó fi sọ́kàn.

Èkejì jáde. Áà, ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ rọra! Dídán ni orúkọ ọmọge yìí. Gíláàsì ni gbogbo ara rẹ̀, kò sí bọ́tìnnì kan lójú rẹ̀, àwòrán ló ń yọ tó ń pòórá níbẹ̀ bí ẹja nínú omi tó mọ́.

"Fi ìka kàn mí lásán," ni Dídán wí pẹ̀lú ohùn oyin, "ohun tó o bá fẹ́ á ṣẹlẹ̀."

Ọdẹ́jínmí di ojú rẹ̀ bí ojú ìyá rẹ̀ ṣe máa ń wà ní dídì nígbà tó bá ń gbọ́ ìjálá. Ó fọwọ́ pa Dídán lójú. Gbogbo rẹ̀ rí bákan náà. Kò mọ ibi tí nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ tàbí ibi tó parí sí. Ó tún fi àtàńpàkò tó ti yi nídìí ọkọ́ àti àdá tẹ̀ ẹ́, Dídán kò sì mọ̀ rárá pé wọ́n fọwọ́ kan òun.

"Ìka rẹ ti le jù," ni Dídán wí, ó sì yán. "Jọ̀wọ́, ebi ń pa mí. N kì í jẹ oúnjẹ inú ìsọ̀ o, láti ara ògiri ni mo ti ń mu iná…" Kí ó tó parí ọ̀rọ̀, ó ti sùn lọ, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn.

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Bí ẹ̀yin bá wà níbẹ̀, gbogbo yín lẹ̀ bá ti gbé Dídán lọ sílé, ẹ̀ bá sì ti di àga!

Ẹ̀kẹta kò jáde. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló wà. Ó dúdú, kò dán, ó kúrú, bọ́tìnnì díẹ̀ ló ní, wọ́n sì tóbi. Ọ̀kan rí roboto, ọ̀kan ní igun, ọ̀kan gùn bí kóró àgbálùmọ̀. Nígbà tí Ọdẹ́jínmí gbé e nílẹ̀, ó ṣe bí ẹni jí, iná tín-ín-rín sì tàn lábẹ́ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan.

"Kí ni orúkọ rẹ?"

"Àgbọ́tún."

"Kí lo mọ̀?"

"N kò mọ tó Elébọ́tìnnì. Mo mọ oríkì àwọn ìdílé tó wọ́pọ̀, ìyẹn nìkan. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá wí nǹkan lójú mi lẹ́ẹ̀kan, mo ti gbọ́ ọ, n óò sì máa tún un wí bí ó ṣe wí i gan-an."

Inú Ọdẹ́jínmí dùn. Ó kúnlẹ̀. "Kí lò ń jẹ?"

"Bátìrì kéékèèké, irú tó wà nínú tọ́ọ̀ṣì orí rẹ yẹn. Ebi ń pa mí."

Ọdẹ́jínmí yọ bátìrì tọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó fi bọ́ ọ. Ó wá mú rìmóòtù àjẹkù eku jáde. Bọ́tìnnì ojú rẹ̀ ti tán lóòótọ́, ṣùgbọ́n Ọdẹ́jínmí ti ṣí i wò nílé, ó sì mọ̀ pé abẹ́ rẹ̀ ṣì wà láàyè. Ó yọ ẹyọ ìgbálẹ̀ kan jáde nínú àpò, ó gbẹ́ ẹnu rẹ̀ ṣómúṣómú, ó gbé rìmóòtù méjèèjì sílẹ̀ kí wọ́n forí kora, bí ọmọ iṣẹ́ asunjálá ṣe máa ń jókòó kọjú sí ọ̀gá rẹ̀. Ó fi ẹnu ìgbálẹ̀ gún ihò kan. Iná orí Àgbọ́tún ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan.

"Mo ti gbọ́ ọ," ni Àgbọ́tún wí.

"Kábíyèsí!" ni Ọdẹ́jínmí kígbe, ó fò dìde. "Mo ti mú tèmi!"

Gbogbo ààfin bú sẹ́rìn-ín. Elébọ́tìnnì tilẹ̀ sọ pé, "Èyí tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn? Ó dàbọ̀ o, àga!"

Wọ́n mú un lọ bá Olóhùn-Àrá. Ẹ̀yin èèyàn mi, ariwo yẹn! Ó ń gbá ènìyàn láyà bí ẹni fi odó gún un. Ojú Olóhùn-Àrá wà lókè fíofío, láàárín iwájú orí rẹ̀. Lórí òkúta kan níwájú rẹ̀ ni rìmóòtù arúgbó kan jókòó sí, òun ló bá a wá láti ilé tí wọ́n ti jù wọ́n nù.

"Ìyá, ẹ ò ṣe sọ fún un pé kí ó dákẹ́?" ni Ọdẹ́jínmí bi í.

"Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ ọ́, ọmọ mi," ni arúgbó náà wí. "Ìmọ́lẹ̀ mi ti rẹ̀. Bí wọ́n tilẹ̀ fi bátìrì tuntun sí mi níkùn, kò lè kọjá ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Ojú rẹ̀ sì rèé lókè ọ̀run."

"Ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan ti tó, ìyá."

Ó gbé Àgbọ́tún síwájú rẹ̀, orí sí orí. "Ẹ wí i fún èyí."

Arúgbó náà wí i. Iná orí Àgbọ́tún ṣẹ́jú. Ọdẹ́jínmí dìde, ó nà án sókè bí ọdẹ ṣe ń yìn sí ẹyẹ lórí ìrókò, ó fojú sùn ún, ó tẹ̀ ẹ́.

Kẹ́kẹ́ pa!

Ewé tó ń já lọ́wọ́ dúró lórí igi. Àwọn rédíò orí igi dákẹ́ ìjiyàn. Onírun-Wáyà yọ òwú etí ọ̀tún, ó yọ ti òsì, ó fetí sílẹ̀, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ó nà sílẹ̀ níbi tó dúró sí gan-an, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Ọdẹ́jínmí kò jí i láti dágbére. Ẹ̀yin náà kò ní í jí i.

Bí ó ṣe padà délé, mi ò ní í fi ìyẹn pa yín létí. Ó délé. Ó jókòó sórí ẹní níwájú ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó fi sùúrù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àgbọ́tún ti gbọ́ ti àpótí ohùn láti igbó. Ó forí rẹ̀ ko ti tẹlifíṣọ̀n, ó gbọ́ ìyẹn náà. Ó wá ku ẹ̀rọ àwo tí rìmóòtù rẹ̀ wà nísàlẹ̀ kànga. Ọdẹ́jínmí ní kí Àgbọ́tún máa fi oríkì àwọn ìdílé tó mọ̀ pè é lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pe èyí, kò dáhùn. Ó pe èyí, kò dáhùn. Ó pe òmíràn, ẹ̀rọ àwo sì la ẹnu gbàà bí ọmọ tó fẹ́ jẹ̀kọ! Ọdẹ́jínmí pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀.

Ó wá di gbogbo ìpè náà pọ̀ sórí bọ́tìnnì kan ṣoṣo, èyí tó tóbi jù. Tẹlifíṣọ̀n ni kí ó kọ́kọ́ pè, nítorí pé oorun tẹlifíṣọ̀n wúwo. Kí ó dúró díẹ̀, ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń gbé òkèlè mì, kí ìyẹn nu ojú nù. Lẹ́yìn náà, kí ó pe àpótí ohùn, kí ó pe ẹ̀rọ àwo, kí ó yí ojú tẹlifíṣọ̀n sí i, kí ó sì ní kí bàbá máa sun ìjálá. Ó fi àtè lẹ ìlẹ̀kẹ̀ kékeré kan, tó já lára ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ìyá rẹ̀, mọ́ ojú bọ́tìnnì náà kí àtàńpàkò lè mọ̀ ọ́n láì wò ó. Kò wá tẹ̀ ẹ́. Ó fẹ́ kí ìyá òun kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Gbogbo agbo ilé pé. Èmi náà wà níbẹ̀. Ọdẹ́jínmí dìde láàárín èrò, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìyá rẹ̀, ó di Àgbọ́tún mú, ó tẹ̀ ẹ́.

Kò sí nǹkan kan.

Ó tún tẹ̀ ẹ́. Kò sí. Ó tẹ̀ ẹ́ kíkan-kíkan. Tẹlifíṣọ̀n ń wò ó, ojú rẹ̀ pupa, kò mira.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Ògúnrìndé wí, "ó dà bíi pé ẹran tí ẹ pa yìí ti kú jù."

Ẹ̀rín bú jáde. Ọdẹ́jínmí wo ojú ìyá rẹ̀. Ó rí i tí ìyá fọwọ́ ká etí rẹ̀ kan, tó ń tẹ orí síwájú láti mọ̀ bóyá ohùn ti bẹ̀rẹ̀ tí òun nìkan ni kò gbọ́. Ó ṣí ikùn Àgbọ́tún, bátìrì wà níbẹ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Pátápátá, kò sí.

Ìyá Àyọ̀ká sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ láti etí. Kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n ló ń wò mọ́, ọwọ́ ọmọ rẹ̀ ló ń wò.

"Àjàgbé."

"Ìyá mi."

"Kí lo fẹ́ yìn nílẹ̀ níbẹ̀?"

Gbogbo wa wo ọwọ́ Ọdẹ́jínmí. Háà! Ó di rìmóòtù mú bí ọdẹ ṣe ń di ìbọn mú bó bá wọlé bá àwọn èèyàn rẹ̀. Orí rẹ̀ dojú kọ ilẹ̀ gbọnrangandan! Ẹ̀yin ọdẹ tó wà níbí, ẹ mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ìbọn lé wa lọ́wọ́ ni wọ́n ti ń nà wá lórí rẹ̀ pé bí èèyàn bá wà nínú ilé, ẹnu ìbọn sí ilẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló fi lù ú mọ́ ọn lára. Nígbó, iwin ló wà níwájú rẹ̀, ó sì gbé e sókè. Nílé, ìyá rẹ̀ ló wà níwájú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì wálẹ̀ fúnra rẹ̀, kò tilẹ̀ mọ̀.

"Ọkọ mi ló kọ́ ọ ní ìyẹn, ó kọ́ ọ dáadáa," ni ìyá wí, ẹ̀rín sì ti ń gbọ̀n ọ́n lórí àga. "Ṣùgbọ́n kò sí ọta nínú èyí, ọmọ mi. Gbé e sókè!"

Ọdẹ́jínmí fọwọ́ gbá iwájú orí. "Adúrótì!" ló kígbe. "Adúrótì sọ fún mi o!" Kò sí ẹni tó mọ ohun tó ń wí.

Ṣùgbọ́n kò tẹ̀ ẹ́. Ó wo ọwọ́ ìyá rẹ̀ tó ń gbọ̀n, ó rí i pé ọwọ́ yẹn náà kò ní í lè gbé e sókè kó dúró jẹ́ẹ́ títí Àgbọ́tún yóò fi pe gbogbo wọn tán. Ó yí sí Làmídì. Bẹ́ẹ̀ ni, Làmídì, ìwọ yìí! Ó ní kí Làmídì sáré lọ gé rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wá lára ìfun táyà. Làmídì sáré lọ, ó sáré bọ̀. Ọdẹ́jínmí fi rọ́bà náà de Àgbọ́tún mọ́ apá àga, orí rẹ̀ kọjú sí ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìlẹ̀kẹ̀ orí bọ́tìnnì sì bọ́ sí abẹ́ àtàńpàkò ìyá gẹ́lẹ́.

"Ó yá, ìyá mi. Ẹ fúnra yín."

Ìyá Àyọ̀ká di ojú rẹ̀. Àtàńpàkò rẹ̀ wá ìlẹ̀kẹ̀, ó rí i. Ó tẹ̀ ẹ́.

Tẹlifíṣọ̀n jí. A dúró díẹ̀. Àpótí ohùn mí hùnn. Ẹ̀rọ àwo bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ọ̀rẹ́ mi Ọdẹ́gbàmí sì yọ sí wa nínú gbérí rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé etí, ó la ohùn:

*Àyọ̀ká o, gbé omi kaná,*
*ẹran ń bọ̀ lọ́nà, ọkọ rẹ ń bọ̀ lẹ́yìn ẹran.*
*Bí ilẹ̀ bá ṣú, má ti ilẹ̀kùn,*
*ohùn mi ni kí o kọ́kọ́ gbọ́, kí o tó gbọ́ ẹsẹ̀ mi.*

"Mo ti gbé e kaná," ni Ìyá Àyọ̀ká dá a lóhùn, bí ẹni pé ó wà lẹ́nu ọ̀nà. "Mo ti gbé e kaná tipẹ́. Ibo lo wà?"

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ògúnrìndé yí ojú sí ògiri, ó ń nu omi ojú.

Nígbà tí ìjálá parí, ìyá ní kí wọ́n gbé gbérí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn wá. Ògúnrìndé fúnra rẹ̀ ló gbé e wá, tó gbọn eruku rẹ̀, tó sì wọ̀ ọ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́rùn. Ọdẹ́jínmí fẹ́ dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́, ìyá sì gbé ọwọ́ sókè.

"Dìde, Àjàgbé, o dí mi lójú. Kúrò níwájú ẹ̀rọ."

Ó sì tún un tẹ̀.

Ìtàn mi dé ibi tí mo ń gbé e lọ. Ta ló wí pé irọ́ ni? Ìwọ, Làmídì? Ìwọ tó o gé rọ́bà? Ó dára. Ẹ dákẹ́ ná, gbogbo yín. Ẹ kọ etí sí ọ̀nà ilé Ìyá Àyọ̀ká.

Ẹ gbọ́ ọ?

Ìyá ti tún un tẹ̀.